Ọ̀rọ̀ Imaamu fún Ọ̀sẹ̀ Yìí: Apá Kan Nínú Àbá

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará.

Nínú Sura Al-Hujurat, áyà kejìlá, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú àbá dídá, ìyẹn ríro ibi sí ẹlòmíràn láìní ẹ̀rí, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí ó bá jẹ́ apá kan péré ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ló dé tí a fi ní kí á sá fún ọ̀pọ̀? Ohun tí ó yé mi ni pé ẹni tí ń dá àbá kò mọ èyí tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wí fún ọ pé májèlé wà nínú àkàrà kan ṣoṣo nínú àwo, ṣé ìwọ yóò máa tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Áyà náà kò sì dúró síbẹ̀: lẹ́yìn àbá ni ó dárúkọ ìtọpinpin, lẹ́yìn ìtọpinpin ni ó dárúkọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, tí ó fi wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tí ó ti kú.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Hakeem Ọlájuwọ́n, mùsùlùmí ọmọ Èkó tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì, tí kò bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n títí ó fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15, síbẹ̀ tí ó jẹ́ òun ni Houston Rockets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà kan ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú ní 1984. Ní 1992, ó ní iṣan ẹ̀yìn itan ń dun òun. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, owó ni ó ń wá, wọ́n sì dá a dúró. Inú bí i débi pé ó ní òun yóò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ó tú ìjà náà ká kò ju pé òun àti ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ jọ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí ń lọ sí Japan, níbi tí kò sí olófòófó láàrin wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bínú jáde. Ní 1994 àti 1995, ẹsẹ̀ tí wọ́n pè ní ẹsẹ̀ èké yẹn ni ó gba ife-ẹ̀yẹ fún Houston.

Ìwọ tí o dúró nídìí àwọn bàtà lẹ́yìn ìrun Iṣáì, tí o ń wí pé àìsàn ẹnìkan kì í ṣe àìsàn, dókítà wo ni ó sọ fún ọ? O ti dé ilé rẹ̀ bí? Láti Ọjà Ọba dé Ìjàpọ̀ kò tó Japan. Ìwọ tí o sì gbé e sórí WhatsApp, tí o fi “Ọlọ́hun ló mọ̀” parí rẹ̀, o ti pe Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí sí ohun tí o kò rí. Èmi rí ẹsẹ̀ wíwú lọ́sẹ̀ yìí. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má bínú sí mi. Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Àìkú, mo dákẹ́, mo tilẹ̀ mi orí. Mo ti lọ tọrọ àforíjì nílé aláìsàn náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n sì fi gbà mí lálejò. Ilẹ̀kùn náà ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìkéde: Àsàlátù àwọn ìyá di aago mẹ́wàá. Owó ẹ̀rọ omi kò tíì pé. Ẹni tí ó wọ bàtà dúdú aláwọ lọ ní Jímọ̀ tó kọjá, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà. A mọ̀ pé ó ṣì í wọ̀ ni.