Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ẹ ò fẹ́ ọ̀gá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú wàhálà ìlú o. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé òmìnira lẹ fẹ́, kẹ́nikẹ́ni má yọ yín lẹ́nu, ìyẹn ló rán mi létí ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Epictetus, ó ti ń lọ sí 1900 ọdún tó ti kú. Ẹrú ni, ní Róòmù, ó tún ń tiro. Ọ̀gá ẹ̀ alára, Epaphroditus tó ṣe akọ̀wé fún ọba Nero, ti ṣẹrú rí! Nígbà tí Epictetus bọ́ lóko ẹrú ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ olówó lọ́gbọ́n, ọba Domitian lé òun àtàwọn ọlọ́gbọ́n bíi tiẹ̀ kúrò nílùú, ó bá kọjá sí Nicopolis ní Gíríìsì.

Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí nǹkan tóò lè ṣe aláìní bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀gá ẹ nìyẹn. Ìwọ tóò gbọ́ràn sí bàbá ẹ lẹ́nu, tí fóònù bá dún láago méjì òru o ti jí gìrì, o fowó oṣù ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Sátidé, nígbà tó máa di Mọ́ńdè o ti ń yá owó orí fóònù, wọ́n wá ń tẹ tẹ́ẹ́sì sí ìyá ìyàwó ẹ pé olè ni ẹ́, jọ̀ọ́, ta ló ni ẹ́?

Ọmọkùnrin kan lọ bá Epictetus lọ́jọ́ kan, ó ti ṣe irun lóge kọjá bó ṣe yẹ. Epictetus ní ìwọ kọ́ ni irun yẹn o, ìwọ kọ́ lẹran ara, ohun tóo bá yàn láti ṣe nìwọ, ibẹ̀ ni kóo ti lọ tún ara ẹ ṣe. Mi ò ní kẹ́ẹ má ṣoge o, ẹ̀yin náà ẹ sáà mọ̀ pé ìwà lẹwà.

Olè tún jí fìtílà irin ẹ̀. Ó ní kò burú, lọ́la òun á ra ti amọ̀, àmọ́ olè yẹn ti sanwó fìtílà o, torí ó ti di olè. Ẹ̀yin ọmọ Yahoo, ṣẹ́ẹ gbọ́?

Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni pé tóo bá ń fẹnu ko ọmọ ẹ lẹ́nu kóo máa rán ara ẹ létí pé ó lè kú. Háà! Àdúrà làwa ń gbà fọ́mọ ní tiwa.

Àmọ́ ẹ mú èyí: ó ní kí oníbìínú máa ka ọjọ́ tí ò bínú, tó bá pé 30 kó lọ rúbọ ọpẹ́. Ẹ fi tẹ́tẹ́ yẹn dán an wò, ẹni tó bá pé 30 kó wá sílé mi, iyán á wà níbẹ̀.