Ẹ má tà á tèèpo tèèpo

Sí Olóòtú,

Ó ń dùn wá bí àgbọn Àgbádárìgì ṣe ń kúrò nílùú tèèpo tèèpo, tí èrè gidi á wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àgbọn gbígbó 10 sí 15 lè di lítà òróró kan. Ẹ rin ín, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ọ̀rá funfun tó léfòó ni kí ẹ bù, kí ẹ sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí kò fi ní ta pàrà mọ́, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú: omi tó bá ṣẹ́kù, tàbí ìgò tí kò gbẹ, ló ń mú òróró rùn. Èyí tó jinná á dúró fún oṣù púpọ̀, a ó lè tà á nígbà tí àgbọn bá wọ́n. Ìgò kékeré fún ẹni tó fẹ́ fi pa irun, ńlá fún alásè. Ẹni tó gbé e dé Mile 2 l'Ékòó náà ti fi kún iye rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ìrinàgbọn sọ́jà.

Àwa olóróró àgbọn, Àgbádárìgì