Ta Ló Ní Kí Ṣódípọ̀ Di Olúdípọ̀?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọwọ́ fẹ́ńdọ̀ kan ní Ṣápọ́n ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ó ti pẹ́. Ojú ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ti ìkéde ni: ta ló kú, ta ló sọ ìwé ilẹ̀ nù, ta ló pààrọ̀ orúkọ. Ní Sátidé tó kọjá, mẹ́ta tẹ̀ léra níbẹ̀. Ògúnbíyìí ti di Jésùbíyìí. Fábùnmi ti di Olúbùnmi. Ẹ̀kẹta, Ṣódípọ̀ ti di Olúdípọ̀, gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ayé ó mọ̀. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ṣódípọ̀ ni èmi náà ń jẹ́, ẹni tó sì ṣe ìkéde yìí, ọmọ àbúrò mi ni. Ìrẹsì Kérésì tó kọjá, ilé mi ló ti jẹ ẹ́, kò sì mẹ́nu ba nǹkan kan.

Mo pè é lórí fóònù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí n tó sọ̀rọ̀ rárá. Ó ní pásítọ̀ òun ló là á yé òun pé oṣó wà nínú orúkọ wa, pé ọkọ àjẹ́ ni oṣó, pé òun ló fà á tí òun kò fi ríṣẹ́ láti ìgbà tí òun ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Mo ní ṣé àwọn tí kò ní oṣó lórúkọ ti ríṣẹ́ tán ní Abẹ́òkúta ni? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun yóò dá orúkọ padà. Òun ló mú mi gbé bírò, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Ṣówándé, Ṣóbándé, Ṣóyínká, Ṣókọ̀yà, Ṣósànyà, gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ká sọ òótọ́, pásítọ̀ kò purọ́ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Oṣó náà ni. Fáwẹ̀lì iwájú ló já, bí Ifá ṣe ń di Fá nínú Fábùnmi. "Oṣó yí mi ká" ló sún kì di Ṣóyínká. "Oṣó wá mi dé" ni Ṣówándé, "oṣó bá mi dé" ni Ṣóbándé. Tiwa, "oṣó di ọ̀pọ̀." Mo mọ àwọn ẹbí kan tí ojú ń tì, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọ̀ṣọ́ ni, ọ̀ṣọ́ tí à ń ṣe sára. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹnu yín pè é wò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ ni, Ṣọ́dípọ̀ là bá máa jẹ́, kò sì sí ẹnì kan nílé wa ní Ìtòkò, àtàgbà àtèwe, tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ tó dùn, irọ́ náà ni.

Ibi tí pásítọ̀ ti ṣì í ni pé etí òde òní ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àná. Nínú fíìmù, oṣó á fi àwọ̀ pupa bora, á máa rẹ́rìn-ín lóru. Àwọn tó sọ ọmọ ní Ṣódípọ̀ kò wo fíìmù. Lójú tiwọn, oṣó ni ẹni tó rí ohun tí ojú lásán kò rí, tó mọ ewé, tó mọ egbò, tí ilé ń sá sẹ́yìn rẹ̀ bí nǹkan bá le. Ohun tí wọ́n bá sì ń ṣe nílé ni wọ́n fi ń ṣíwájú orúkọ ọmọ. Ilé eégún ní Ọ̀jẹ̀, ilé onílù ní Àyàn, ilé ọdẹ àti ilé alágbẹ̀dẹ ní Ògún, ilé ọba ní Adé. Ilé àwọn tó mọ nǹkan ní Ṣó.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìgbà tí wọ́n ń sọ àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó kí wọ́n tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tó sì ṣáájú wọn dé ibẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ni, Ṣó ló wà níwájú orúkọ tirẹ̀ náà. Ogun Dàhòmì, ilẹ̀ ọba tó wà níbi tí à ń pè ní Benin Republic lónìí, dé ní 1851, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn. Wọ́n tún dé ní 1864, wọ́n tún lé wọn. Bàbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní "oṣó yí mi ká" nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣé èpè ló ṣẹ́ lé ọmọ lórí ni? Ìlú mọ odi, òun náà mọ tirẹ̀ yí ọmọ ká.

Ẹ wá wo orúkọ tuntun tí ọmọ àbúrò mi mú. Onígbàgbọ́ ni èmi náà. Wọ́n ṣèrìbọmi fún mi, Ṣódípọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé, àlùfáà kò sá jáde. "Oṣó di ọ̀pọ̀" yé ènìyàn: ilé wa ti kún, ọmọ ti pọ̀ sí i. Olúdípọ̀ ńkọ́? Lẹ́nu ẹni tó fi Olú dúró fún Olúwa, ó ní Olúwa di ọ̀pọ̀. Olúwa mélòó la ní? Ọmọ tó ń sá fún oṣó ti sá wọ ilé abọ̀rìṣà, pásítọ̀ kò sì kíyè sí i. Mo sọ èyí fún un lórí fóònù, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Orúkọ ìdílé gan-an, àwọn èèyàn rò pé ó ti wà láti ayébáyé. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ọmọ ta ni, agbo ilé wo, kí ni oríkì rẹ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn. Lẹ́yìn tí Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, wọ Abẹ́òkúta ní 1843, tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí tíṣà ní kí ọmọ dárúkọ méjì, ni ọmọ ń fi orúkọ bàbá tàbí ti bàbá bàbá rẹ̀ kún tirẹ̀. Ibi tí bírò tíṣà dúró sí ni orúkọ náà dúró sí.

Ṣódípọ̀ tiwa, ọkùnrin kan ṣoṣo ni, àgbẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí tó dàgbà. Àkọ́bí lọ síléèwé míṣọ́n, tíṣà kọ Ṣódípọ̀. Ìkejì gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó di Lawal, Lawal sì ni gbogbo ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Ìkẹta, wọ́n fi í sọ́dọ̀ Sàró kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone, kó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Coker ni Sàró yẹn, Coker lòun náà gbé wálé. Ẹ wá wo ìwé orúkọ tí akọ̀wé ẹbí máa ń gbé kiri lọ́jọ́ ìpàdé: Ṣódípọ̀, Lawal, Coker, wọ́n tò tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ inú abọ́ kan náà la ti jọ ń bu òkèlè láfún. Àlejò tó bá wọlé á rò pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Mo sì ti pàdé Ṣódípọ̀ kan rí nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, díẹ̀ ló kù ká dì mọ́ra. A tú ìdí ọ̀rọ̀ láti Abẹ́òkúta títí a fi kọjá Ṣàgámù, a ò bára wa tan níbì kankan. Bàbá ńlá tirẹ̀ náà kàn ń jẹ́ Ṣódípọ̀ ni.

Nípa ti àwọn Sàró, orúkọ òyìnbó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, Coker, Thomas, Cole, Johnson, Williams, nítorí òyìnbó ló gbà wọ́n lọ́wọ́ olówò ẹrú, òyìnbó ló kọ́ wọn níwèé. Àjàyí Crowther, orúkọ àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1825. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Jacob Henryson Samuel, akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá kó tó di pé òmìnira ìlú bọ́ ní 1914, Adégbóyèga Edun la mọ̀ ọ́n sí. Àlùfáà Josiah fi Ransome ṣíwájú Kútì. Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, yọ Ransome dànù, ó fi Aníkúlápó sí i. Àwọn yẹn ń padà bọ̀ wálé, àwọn ọmọ tiwa ń kó ẹrù jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Ṣó pọ̀ sí, kó má wá a lọ sí Èkìtì, Fá ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ilé Ṣó. Aké níhìn-ín ni wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí ní 1934, ṣùgbọ́n Ìsarà Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀ ti gbé orúkọ náà wá. Èkó ńkọ́? Ìfọ́lé ló gbé e débẹ̀. Ní 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá tẹ̀ lé wọn, Glover tó ń ṣàkóso Èkó sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Rélùwéè tó kọjá ní Láfẹ́nwá dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì yá ó dé Kánò, ó ń já àwọn akọ̀wé Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní ìtẹ̀dó-ìtẹ̀dó bí ẹni ń gbin àgbàdo. Fẹlá Ṣówándé tó mọ dùùrù tẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí ní 1905, Amẹ́ríkà ló kú sí ní 1987. Lónìí, ẹni tó bá lọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò bá Ṣó níbẹ̀.

Ojú ọ̀nà ìrìn àjò yìí ni àmì ti jábọ́. Àwọn kan fi Sh rọ́pò Ṣ, bí Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá tó ṣolórí ìjọba fìdí-hẹ ní 1993. Àwọn mìíràn fi S lásán sí i. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé: Sodipo ló wà nínú ìwé tèmi, Shodipo ló wà nínú tirẹ̀. Nígbà tí mo lọ tọrọ owó rẹ̀ ní báńkì kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú mi yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi pẹ̀lú sùúrù. "Dádì, ẹ wò ó, h wà níbí. Kò sí níbí." Oṣù mẹ́rin, afidáfíìtì ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, nítorí h kan ṣoṣo. Owó ìkéde yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni mo san án sí, mo ṣì ní rìsíìtì rẹ̀.

Èyí tó burú jù, ẹ dáríjì mí, ni ti S lásán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "só" ń jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, tíṣà tuntun kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá pe orúkọ mi bó ṣe rí i nínú rẹ́jísítà: Só-di-pọ̀. Kíláàsì wó. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn di imú rẹ̀. Títí tí mo fi jáde níléèwé yẹn, bí fèrèsé bá ṣí, èmi ni wọ́n máa ń wò. Kì í ṣe oṣó ló dà mí láàmú láyé mi, àmì tí kò sí lábẹ́ S ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Abẹ́òkúta níhìn-ín ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, èdè Yorùbá ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Àmì kún inú ìwé ìròyìn yín láti ojú ìwé kìíní dé ojú ìwé bọ́ọ̀lù, ó wá ku ojú ìwé ìkéde, níbi tí orúkọ èèyàn wà, Sodipo, Sowande, Sokoya, gbogbo rẹ̀ gbọrangandan. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tò ó kó fi àmì sí i. Tí oníbàárà kò bá fi sí i, kó béèrè. Bí ọmọ wa kan bá tún mú ìkéde wá pé òun kì í ṣe Ṣódípọ̀ mọ́, ẹ gbowó yín, n ò ní kí ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ tẹ Ṣ náà dáadáa kó tó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n bí ọmọ ọmọ fún mi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lóṣù tó kọjá. Ìyá rẹ̀ fi àwòrán ìwé ìbí ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Pánṣẹ́kẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Sodipo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì, mo mú bírò pupa, mo fi àmì kan sábẹ́ S, mo fi òmíràn sábẹ́ o tó kẹ́yìn. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ṣódípọ̀,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.