Okùn mẹ́rin, ohùn mẹ́ta

Ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Òtútù ńkọ́? Ọyẹ́ ti mú ní Ìkòròdú níbí o, cello mi, gòjé ńlá olókùn mẹ́rin yìí, ò sì jẹ́ n sinmi, tí mo bá tún ohùn ẹ̀ ṣe lálẹ́, kó tó di àárọ̀ pẹ́ẹ̀gì tó fa okùn le á ti tú. Mo ti rẹ fóòmù sínú ike ọṣẹ, mo dá ihò sí i lára, inú àpótí cello ló ń sùn báyìí kí igi má baà sán.

O ní báwo niṣẹ́. Mò ń ṣeré níbi ìgbéyàwó ní Sátidé, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé láàárín ọ̀sẹ̀, tí rìhẹ́sà bá wà ní Áílàndì, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń wà ní jẹ́tì Ẹ̀bútẹ́, torí tí mo bá gba Mile 12 apá mi á ti kú kí n tó débẹ̀. Ẹnì kan ṣì jẹ mí lówó láti oṣù kẹwàá, ó ń dùn mí gan-an.

Àmọ́ orin tí mò ń kọ ni mo fẹ́ sọ. Ṣé o rántí orin African Suite tí Fela Sowande kọ ní 1944? Ohun èlò olókùn ló kọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ọ́gáànù ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Látìgbà tá a ti ta á pọ̀ ni mo ti ń wá tèmi. Ọrùn cello ò ní irin bíi ti gìtá, ìka lè yọ̀ gòkè, ó lè yọ̀ wálẹ̀, bí ohùn èdè wa gẹ́lẹ́. Pe "ìyá", wo bí ohùn ṣe ń gùn níparí, pe "rárà", wo bó ṣe ń já. Dùùrù ò lè ṣèyẹn láéláé. Àwọn onígòjé inú sákárà ti ń ṣe é tipẹ́, lórí okùn kan péré!

Mo wá mú oríkì tí ìyá àgbà fi ń kì mí láàárọ̀, mo kọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé mo ta á ní pálọ̀, mi ò la ẹnu. Màmá wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dúró níbi tí mo kọ ọ́ dé, ni wọ́n bá gbà á, wọ́n ki oríkì náà dópin. Ọ̀rẹ́, mo sunkún.

Viola, àbúrò cello, ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ ni mo sì kọ ọ́ fún. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ, jọ̀ọ́ wo ojú ewé kejì, sọ fún mi bóyá ìka lè na débẹ̀.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ, ní Ìkòròdú