Gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa orin àtijọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, inú mi sì dùn. Ẹ dárúkọ Orlando Owoh, ọmọ Ìfọ́n. Ẹ dárúkọ King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó. Ẹ ò sì gbàgbé Comfort Ọmọge tó kọ aṣíkò Ìkálẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó mú kí n wá bírò: ẹ ní láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ Èkó nìkan ló ń ta jìtá rọ́ọ̀kì. Mi ò ní ẹ purọ́ o. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bi lẹ ò bi.

Lóṣù Kejì ọdún 1976 tí ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Àkúrẹ́ wá di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fáìlì nìkan kọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó bọ̀ láti Ìbàdàn. Àwọn kan kó àwo orin dání. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, akọ̀wé tó ń fi ọ̀sán tẹ táípù, tó ń fi alẹ́ kọrin rọ́ọ̀kì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò tíì gbàyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn.

Àwa mẹ́ta ti ń rá pálá nídìí rọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀ lágbègbè Òkè-Àró kí ẹ̀gbọ́n tó di akọrin wa. Àwo BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó, tó jáde ní 1973 la fi kọ́ṣẹ́. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ló ni ẹgbẹ́ náà, inú orúkọ wọn ni wọ́n ti ṣa lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó máa dá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ padà sẹ́yìn títí àwo á fi họ. Ẹgbẹ́ Ofege, ọmọ iléèwé St. Gregory's l'Ékòó, tún wá kì wá láyà: bí ẹni tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù bá lè ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ló ń ṣe àwa? Okùn jìtá wọ́n. Bó bá já, wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ la ó tú, a ó fa fọ́nrán kan yọ níbẹ̀. Ó máa ń gé èèyàn lọ́wọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà níka mi.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ń kọrin, wọn kì í wẹ̀yìn wò wá. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé e sókè díẹ̀, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn jìtá tí à ń ta pa pọ̀, fẹ́ yí nìyẹn. Bí wọ́n bá fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn mí láti dá jìtá ta. Ẹ sì rántí pé ṣòkòtò ìgbà náà, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀ ni! Ńṣe ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí gìgísẹ̀ nínú aṣọ. Àwọn òǹwòran rò pé ijó ni.

Èmi ni mo hun orin Yorùbá wa àkọ́kọ́. "Ìlú mi dùn" ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Àkúrẹ́ ni mò ń kì. Orí jìtá ni mo ti ṣe é, mo sì fi ohùn ìsàlẹ̀ kan náà lé "ìlú" látòkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ ní rìhásà, ni onílù wa bá dìde, ó ń dọ̀bálẹ̀: "Ẹ ṣé o, ẹ ti mọyì mi!" "Ìlù mi dùn" ló gbọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń pe "ìlú, ìlú", wọ́n ń fi ohùn gbé "lú" gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbúrò, wá bá mi níbí." Ó tó wákàtí kan kí n tó rí kọ́ọ̀dù tó bá ibẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ onígángan nírú èyí. Àwa tí a gba inú àwo òyìnbó wọlé la gbàgbé rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láé ni òde Oǹdó, 1978. Bọ́lẹ̀kájà la wọ̀. Òjò ká wa mọ́ Ọ̀wẹnà, tapólì ò sì bo ẹrù tán. Nígbà tí a tan iná, sípíkà ńlá ti ya, gbogbo ohun tí mo bá ta ń ha bí ọ̀fun ẹni tó fi gbogbo òru sunkún. Ìyá alákàrà kan kígbe pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rọ yín mà ti bàjẹ́ o!" Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú: "Fi sílẹ̀. Ohun tí òyìnbó ń fi abẹ wá, òjò ti bá wa ṣe é." Ó pẹ́ kí n tó kà á pé lóòótọ́ ni Dave Davies, oníjìtá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Kinks ní Ìlú Ọba, fi abẹ ya sípíkà tirẹ̀ kí jìtá lè ha, àwo tó ti inú rẹ̀ wá sì jáde ní 1964. Olórin mìíràn ì bá máa bá jìtá náà du ariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn tiwọn sílẹ̀ ni, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un, àwọn èèyàn sì sún mọ́ wa kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹni tó pè wá síbẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ láìsanwó. Owó oṣù ẹ̀gbọ́n la fi wọkọ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

A ò ṣe àwo kankan. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n kúrò ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ sì tú. Wọ́n ti di olóògbé báyìí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ayàwòrán kan yà wá lálẹ́ ọjọ́ Oǹdó yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí iná kámẹ́rà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Yaba ní Oǹdó tàbí agbègbè rẹ̀ bá rí fọ́tò náà nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó jọ̀ọ́ mú un wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹ ò ní ṣì mí mọ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti jìtá ti jìtá, tí mò ń wá nǹkan nínú ṣòkòtò ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín,
Oníjìtá àtijọ́ kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.