Àbẹ̀kẹ́, kí o tó sanwó ilẹ̀ yẹn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ nípa ilẹ̀ tí àjẹ́ńtì fi hàn ọ́ lọ́nà Òkinni. O ní owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí wọ́n pè fún ọ ní Ògo-Olúwa, àti pé bí o kò bá tètè gbà á, ẹlòmíràn á gbà á. Òótọ́ ni pé owó ilẹ̀ ń gorí ara wọn l'Òṣogbo. Láti 1991 tí ìlú yìí ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá ilé. Yunifásítì ìpínlẹ̀ dé ní 2006, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tún kún wọn. Àwọn ará Èkó àti àwọn tó wà lókè òkun náà ń fowó ránṣẹ́ wálé láti fi ra ilẹ̀ kalẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan wá kọjá 10,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Onílé tó fi owó gọbọi kọ́lé, orí ayálégbé ni yóò ti gbà á padà.

Mi ò ní kí o má rà. Ohun tí mò ń sọ ni pé iye tí àjẹ́ńtì pè kọ́ ni iye ilẹ̀. Iye ilẹ̀ ni gbogbo ohun tí o bá ná títí di alẹ́ ọjọ́ tí o máa kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, tí omi kò sì bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kọ́kọ́ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó. Púlọ́ọ̀tì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹlòmíràn ń ta 50 sí 100, ẹlòmíràn ń ta 60 sí 120, púlọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n jọ ń pè é. Ká ní èyí tó jẹ́ 50 sí 100 jẹ́ 1,750,000 náírà, tí èkejì jẹ́ 2,160,000. Ojú á sáré lọ sí ti àkọ́kọ́. Pín in sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wàá rí i pé 350 náírà ni o ń ra ti àkọ́kọ́, 300 ni o ń ra èkejì. Lórí ìwé sọ́fè, ìyẹn ìwé tí awọnlẹ̀ yà, mítà ni wọ́n máa fi kọ ọ́: 50 sí 100 gbọ́dọ̀ súnmọ́ 465 mítà níbùú lóròó, 60 sí 120 á súnmọ́ 669. Bí iye tó wà nínú ìwé bá kéré sí i, wọ́n ti bù nínú ilẹ̀ rẹ nìyẹn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni omi. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn ọmọ odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ yí wa ká. Ilẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nítòsí ìgboro tí wọ́n sì ń tà á lọ́pọ̀, bi ara rẹ léèrè ìdí tí àwọn àgbà fi fi í sílẹ̀. Àkùrọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́gbẹlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àjẹ́ńtì fẹ́ràn láti mú èèyàn lọ, torí ilẹ̀ á ti gbẹ táútáú. Ìwọ lọ ní oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Wo ẹsẹ̀ ògiri àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀: bí ọ̀dà bá ti ń ṣí dé ìwọ̀n orókùn, tí ìlà pupa yí ògiri po, omi ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé síbẹ̀. Wo ihò akàn. Wo eèsún àti ewé kókò tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Má bi àjẹ́ńtì ní nǹkan kan, obìnrin tó ń fa omi ní kànga àdúgbò ni kí o bi pé ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó kan omi. Lẹ́yìn náà, san owó fún ẹnìkan kí ó gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ 4 sí àárín ilẹ̀, kí ó bò ó mọ́jú. Bí omi bá sun sínú rẹ̀, tàbí tí amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì bá jáde, mú ìwé ìṣirò rẹ.

Ká ní ẹsẹ̀ 2 péré ni o fẹ́ fi gbé ilẹ̀ 50 sí 100 sókè. Ìyẹn jẹ́ bíi 283 kúbíìkì mítà iyẹ̀pẹ̀. Típà tó ń kó kúbíìkì 5 á wá ní ìgbà 57, iyẹ̀pẹ̀ náà á sì tún fún wọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́, o máa ní láti fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpìlẹ̀ lásán kò ní gbé ilé náà. Ráàfùtì ni ẹnjiníà á ní kí wọ́n ṣe: kọnkéré tó tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ gbogbo ilé, tí irin hun inú rẹ̀ bí àwọ̀n. Ẹni tó bá fò ó nítorí owó, láàárín ọdún díẹ̀, ògiri á sán láti igun fèrèsé gba òkè lọ, torí pé apá kan ilé ń rì ju èkejì. Fi gbogbo ìyẹn kún iye tí wọ́n pè fún ọ, kí o tún wo Ògo-Olúwa lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kàn. Ilẹ̀ ẹbí ni èyí. Bí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, títà náà kò dúró rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn olórí ẹ̀ka ẹbí ṣe, àwọn yẹn lè gbé e dé kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, gbogbo wọn ni kí wọ́n jókòó níwájú lọ́yà rẹ, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí o ya fọ́tò wọn. Inú báǹkì ni kí owó gbà, sí orúkọ tó wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ ọmọ àbúrò ẹnìkan. Kí owó ìpìlẹ̀, owó lẹ́ńtù (kọnkéré orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà) àti owó òrùlé tí ọmọ onílẹ̀ máa ń gbà wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀.

Àjẹ́ńtì á ní ìwé sọ́fè wà. Ó dára, ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ wà ni sọ́fè ń sọ, kì í sọ ẹni tó ni ín. Wá awọnlẹ̀ tìrẹ, kí ó gbé nọ́ńbà òpó bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀ lọ sí Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kí wọ́n gbé e lé máàpù ìjọba. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tipẹ́, pàápàá bí o bá ń wo apá pápákọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá igbó Ọ̀ṣun hàn ọ́, èyí tí UNESCO ti kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005, má tilẹ̀ jáde nínú ọkọ̀. Rántí pẹ̀lú pé Òkinni, Ọ̀fàtẹ̀dó àti Ìdó-Ọ̀ṣun kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo. Ẹgbẹ́dọrẹ ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì ni o ti máa béèrè nípa ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí ẹni tó ń tà bá sì ti ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gómìnà, tẹ́lẹ̀, Òfin Ilẹ̀ 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di tìrẹ. Kí lọ́yà fi owó ìyẹn sínú ìṣirò.

Bíríkìlà á ní kí o kọ́kọ́ gbé fẹ́ǹsì. Àyíká ilẹ̀ 50 sí 100 jẹ́ ẹsẹ̀ 300, búlọ́ọ̀kù kan gùn ní ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, ìlà kan á jẹ 200. Ìlà 8 ti di 1,600. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò yẹ kó ju 35 búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 9 lọ, nítorí náà o ti ná àpò 46 kí ẹnikẹ́ni tó to ẹyọ kan. Ìlà 2 péré ni kí o kọ́kọ́ tò, kí ààlà lè hàn: àpò 12 á ṣe é. Má ra sìmẹ́ńtì pamọ́ nítorí pé owó rẹ̀ ń lọ sókè. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ á ti dín, ó sì lè ti dì. Búlọ́ọ̀kù ni kí o fi owó pamọ́ sí, kí wọ́n máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Èyí tí oòrùn gbẹ láìrómi ń ṣẹ́ bíi bisikíìtì.

Ní ti owó, wo ìwé owó oṣù rẹ bóyá wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún NHF, ìyẹn àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀. Bí o bá ti san án fún oṣù 6, o lè béèrè ẹ̀yáwó ilé kíkọ́ lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank, báǹkì ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú èlé tó kéré. Báǹkì ojú títì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ẹbí nìkan kò lè gbà á fún ọ, ìwé ilẹ̀ tó pé ni wọ́n ń wò. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ilẹ̀ aláìníwèé fi wọ́n. Owó alájẹṣẹ́kù dára fún ríra ilẹ̀. Má fi kọ́lé, wọ́n á ti fẹ́ gbà á tán kí o tó dé lẹ́ńtù. Má sì kó kúrò ní yàrá méjì tí o wà ní Òkè-Baálẹ̀ báyìí: kọmíṣọ́ọ̀nù àti àgírímẹ́ǹtì ilé tuntun lè ra àpò sìmẹ́ńtì púpọ̀.

Ní Sátidé, lọ ya fọ́tò òpó bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí nọ́ńbà ara wọn hàn dáadáa, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé sọ́fè náà. Bí àjẹ́ńtì bá ní kò sí àkókò fún ìyẹn, sọ fún un pé owó náà ò tíì pé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ