Wọ́n Fẹnu Kò Láàárín Ara Wọn, Àwa Ni Wọ́n Ń Sin ní Gbèsè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ọjọ́ ọjà Kàbà tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ gbèsè tí ìjọba ń jẹ kún mi dé ọ̀fun. Mo kó iṣu láti oko mi lẹ́bàá Ìyàmóyè sẹ́yìn ọkọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí a tó dé ọjà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá wa dúró. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, pupa, funfun, yẹ́lò, lórí iṣu kan náà! Ọmọkùnrin tó já èyí tó kẹ́yìn ti pákó oníṣòó síwájú táyà wa, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Ìjọba ló ní ká wówó wá, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn."

Gbèsè ta ni? Ta ló jẹ ẹ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ti fẹnu kò lórí owó míràn tí wọ́n fẹ́ yá. Lójoojúmọ́ ni ẹgbẹ́ òṣèlú yìí ń bú ìyẹn, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ gbèsè bá délẹ̀, wọ́n á di ọmọ ìyá. Ẹ rántí tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí ìjọba àpapọ̀ gbà lọ́wọ́ CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa. Òfin ìgbà náà ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n fò ó kọjá. Ní Oṣù Kejìlá 2022, ariwo sọ ní Ilé Aṣòfin Àgbà, wọ́n ní àfi káwọn rí àlàyé ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba náà ku ọjọ́ díẹ̀ kó kógbá wọlé, àwọn aṣòfin kan náà fọwọ́ sí owó náà. Ọ̀nà Kàbà sí Ìlọrin kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yáwó.

Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù yẹn kan náà, wọ́n ní kí gbèsè má baà rì wá ni. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. A fún àmùrè. Gbèsè Nàìjíríà tó jẹ́ tírílíọ̀nù 87.38 náírà ní Oṣù Kẹfà 2023 wá di 144.67 ní ìparí 2024. Mo mọ̀ pé bí náírà ṣe já wálẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí dọ́là ni wọ́n fi yá púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àmùrè ta ló fún yàtọ̀ sí tiwa?

Kíláàsì ni mo wà ní 2005 nígbà tí àwọn ayánilówó Paris Club gbà láti dárí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, tí àwa náà san nǹkan bíi 12. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo sọ fáwọn ọmọ pé wọn ò ní bá gbèsè lọ́rùn. Àwọn ọmọ náà ti di abiyamọ báyìí, ojú sì ń tì mí tí mo bá pàdé wọn.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn tiwa jẹ ẹ́ tán, wọ́n gbé igbá lé wa lórí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ wa á kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, á mú onídùúró méjì wá, wọn á ka orúkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì tán, kò ní gba òmíràn. Ọ̀gá mi nílé ìwé wá bẹ̀ mí nígbà kan nítorí òkú ìyá rẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo fi ìlà pupa hàn án, ó padà lọ san èyí tó kù. Irú ìwé yẹn ni kí wọ́n ṣí fún wa. Kí wọ́n gbé pátákó sí ọjà Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ́, Mọ̀pà àti Ìyárà: iye tí ìjọba yá, iṣẹ́ tó wà fún, ibi tí iṣẹ́ náà wà, ẹni tó gbà á, ìgbà tí a ó san án tán. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè wa. Kí aṣòfin tó fọwọ́ sí i kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ bí onídùúró. Owó tó bá ní orúkọ kì í sọnù bọ̀rọ̀: ọ̀nà kọnkéré Ọ̀bàjànà sí Kàbà, kìlómítà 43, owó orí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo wa sì ń gbà á.

Kí wọ́n dín ọkọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ wọn kù. Kí wọ́n pa àwọn àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀ bí ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ tí Oronsaye darí fún ìjọba àpapọ̀ ṣe wí ní 2012.

Ìpàdé ìlú wa ń bọ̀ lópin oṣù. Mo ti sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ̀rọ̀ pátákó náà sílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lápò mi, n ó kó wọn dání.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Kàbà.